Tata Abẹ́ Ìtàkùn Ìyá Kékeré

Òtútù tó kọjá yìí le débi pé omi adágún tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa ní Lake Arbor, ní Maryland, dì gbagidi, tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí símẹ́ńtì. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti dolóògbé ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi Kúnlé nínú ilé yìí, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sì ni mo ti rí ilẹ̀ díẹ̀ gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ilá. Ní gbogbo ìgbà òtútù náà, mo máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé ilé ìdáná pẹ̀lú ṣáálì lọ́rùn, n ó máa wo ọgbà ẹ̀fọ́ náà lábẹ́ yìnyín, n ó sì máa sọ nínú ara mi pé ohun kan ṣoṣo ni òtútù yìí wúlò fún: kò sí kòkòrò tí yóò yè é. Kúnlé ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé àwọn kòkòrò ibí ti mọ òtútù tipẹ́. Ẹni tí kò fi ọwọ́ kan ilẹ̀ rí kò lè kọ́ mi ní ohun tó wà nínú ilẹ̀. Àwa tí a dàgbà ní Ọ̀yọ́ gbà pé ọyẹ́ a máa pa ewéko, pé nígbà tí ewéko bá sì kú tán, ohun tó ń jẹ ewéko kò ní ibi tí yóò sá sí. Bí a bá tún rí i, ẹnìkan ló gbé e wọlé. Ohun tí gbogbo agboolé wa gbà gbọ́ nìyẹn. Lórí ìgbàgbọ́ náà ni a ti rán ènìyàn kan jáde kúrò nílé, n kò sì mọ̀ títí di òpin oṣù karùn-ún ọdún yìí pé irọ́ ni.

Àbúrò mi Àbẹ̀ní ló mú ọ̀rọ̀ náà wá láìmọ̀. Ọmọ bàbá kan náà ni wá, ṣùgbọ́n a kò gbé agboolé kan náà rí; Èkìtì, ní ilé àwọn òbí ìyá rẹ̀, ni wọ́n bí i sí, níbi ìsìnkú bàbá wa ni mo sì ti kọ́kọ́ fojú kàn án, nígbà tí àwa méjèèjì ti di abiyamọ. Nọ́ọ̀sì ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, Oxon Hill ló ń gbé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà nítòsí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé Maryland ló ti wá kí mi pẹ̀lú kúlà ọbẹ̀ ńlá kan àti ìbọ̀sẹ̀ onírun, ó ní òtútù ibí a máa gba ẹsẹ̀ wọlé sára àgbàlagbà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè mí, ó sì ń kúnlẹ̀ kí mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ń dùn ún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mo sì ń ṣọ́ra lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá yóò bi mí léèrè bí ìyá rẹ̀ ṣe kúrò nílé wa. Ní ìgbà ooru èṣí ló gbé ẹ̀ka ewéko kan wá nínú ife oníke, gbòǹgbò rẹ̀ ti ń yọ nínú omi. Ọ̀pá rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí ẹni fi osùn pa á, ewé rẹ̀ nípọn, ó sì ń dán. Mo béèrè ohun tó jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé kò séwé tẹ́ ò mọ̀? Ẹ gbìn ín síbi tí òjìji wà. Ẹ máa fúnra yín sọ orúkọ ẹ̀ fún mi."

Mo gbìn ín sẹ́bàá fẹ́ǹsì, níbi tí igi aládùúgbò wa ti ń ṣíji bo ilẹ̀. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí fà mọ́ pákó, ó ń gùn ún lọ sókè, n kò sì mọ̀ ọ́n síbẹ̀. Èyí dùn mí ju bí mo ti lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Kúnlé fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀, fóònù náà sì gbé orúkọ gígùn kan jáde ní èdè àwọn onímọ̀ ewéko, irú orúkọ tí ènìyàn kò lè fi tọrọ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò. Mo ní kí ó pa á dé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, mo já ewé kan níbẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, mo sì gbé e sí imú. Mo jókòó lórí ike ọ̀dà tí mo dojú rẹ̀ dé sínú ọgbà, nítorí pé òórùn Ìyá Kékeré, ìyá tó bí Àbẹ̀ní, ni. Wọ̀rọ̀wọ́ ni ewé náà. Ó lè ya ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lẹ́nu, nítorí lónìí kò sí ọjà ilẹ̀ Yorùbá tí a kì í ti í rí i, èmi náà sì ti jẹ ẹ́ láìmọye ìgbà nínú ọbẹ̀ ní rírẹ́, ní sísè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, n kò tún rí i mọ́ lórí ìtàkùn rẹ̀, ní ààyè, pẹ̀lú omi lára.

Agboolé wa tóbi, yàrá yí àgbàlá ká, kànga sì wà láàárín. Ohùn tí ń jí wa láàárọ̀ ni ohùn dòrò tí ó ń kan ara kànga bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni ikọ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tí ó máa ń wú u léraléra kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé òun ti jí. Ọwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí dún lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ tèmi ni láti gbá iwájú yàrá Ìyá Àgbà, bí mo bá sì gbá a tí ojú ọwọ̀ kò tò lórí iyanrìn, yóò ní kí n padà, yóò ní ilẹ̀ tí a kò gbá dáradára dà bí ojú tí a kò bọ́. Ẹ̀kọ gbígbóná la máa ń jẹ láàárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi, tí í ṣe ìyáálé, ló ń dáná, èyí sì ni ìlànà tí kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́: bí ọbẹ̀ bá ti jinná, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kàn án, a ó bu díẹ̀ sínú àwo kékeré kan fún Ìyá Àgbà. Yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò tọ́ ọ wò, yóò wá ní, "Ẹ máa jẹun." Títí ọ̀rọ̀ yẹn yóò fi jáde, inú lè máa kùn, kò sí ẹni tí yóò jẹun. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ọgbà ẹ̀fọ́ wà. Obìnrin kọ̀ọ̀kan nínú ilé ló ní ebè tirẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí kò bá sì ní ebè kò tíì di ará ilé, bí ó ti wù kí owó orí rẹ̀ pọ̀ tó.

Ní igun ọgbà náà ni igi ọsàn kan wà tí ó ti darúgbó. Kò sí ẹni tó ní ebè lábẹ́ rẹ̀, nítorí oòrùn kì í dé ibẹ̀. Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, kí òjò àkọ́rọ̀ tó fìdí múlẹ̀, àwa ọmọdé a máa lọ síbẹ̀ lọ wo tata. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, àwọn tata ńlá aláwọ̀ ewé tí ó ní àmì pupa àti dúdú lára, tí òórùn wọn burú, tí adìẹ pàápàá kì í fẹ́ jẹ. Wọ́n kì í fò mọ́ nígbà náà. Wọ́n á kàn dúró gọ́gọ́ lórí ilẹ̀ lábẹ́ òjìji, wọ́n á ti ìdí bọ erùpẹ̀, ó dà bí ẹni pé ẹnìkan gbìn wọ́n. A máa ń fi igi gbọ́n wọn. Bí a bá fa ọ̀kan yọ, ìdí rẹ̀ á gùn jáde láti inú ilẹ̀ pẹ̀lú ìfófòó funfun, a ó sì sá, a ó máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, gbogbo wọn kú, òjò gbá òkú wọn lọ. A gbàgbé wọn. Kò sí àgbàlagbà kan tó rí ohun tí a rí, nítorí kò sí àgbàlagbà tó ní iṣẹ́ kan ṣe lábẹ́ igi ọsàn náà, ta ni yóò sì béèrè lọ́wọ́ ọmọdé ohun tí tata ń ṣe?

Òjò ti fìdí múlẹ̀ dáadáa kí bàbá mi tó gbé ìyàwó tuntun wálé láti Èkìtì, níbi tí iṣẹ́ kóòtù ti gbé e lọ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn àgbà ń pè é ní Ìyàwó. Àwa ọmọdé ń pè é ní Ìyá Kékeré. Ọmọdébìnrin ni òun náà, bí mo bá ń rò ó nísinsìnyí. Lójú mi nígbà yẹn, àgbà ni. Ohun tó gbé sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ni abọ́ tánńganran kan, nínú abọ́ náà sì ni ẹ̀ka ewéko wà, ó fi ewé kókò wé e pẹ̀lú erùpẹ̀ ilẹ̀ wọn tí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ó gbé e mọ́ àyà jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Nígbà tí ó béèrè ebè tirẹ̀, Ìyá Àgbà fi ẹnu júwe igun abẹ́ igi ọsàn fún un. Àwọn obìnrin yòókù wo ara wọn, nítorí ibẹ̀ kọ́ ni a ń fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ó ní òjìji gan-an ni ewéko òun ń fẹ́. Ó gbìn ín, ó fi ọ̀pá dúró tì í, ó sì ń bu omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń dá ọ̀rọ̀ sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ohùn Èkìtì tí àwa kò gbọ́ tán. Mo máa ń bá a di ike omi náà mú. Kò lé mi rí.

Nígbà tí ewé náà pọ̀ tó láti sè, ìyá mi fún un ní ìdáná ọjọ́ kan. Mo rántí bí ó ṣe rẹ́ ẹ, bí ó ṣe fi ìrù sí i, bí òórùn náà ṣe gba àgbàlá. Ó bu tirẹ̀ lọ fún Ìyá Àgbà bí ìlànà ilé, ó kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà fi ìka tú ọbẹ̀ náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì béèrè ohun tí a ń pè é. Ìyá Kékeré dárúkọ rẹ̀ fún un. Ìyá Àgbà rọra ti àwo náà padà. Ó ní, "Ní ilé baba rẹ ló ti ní orúkọ. Níhìn-ín, kò tíì ní." Ó wá fi kún un pé odú kì í ṣe àìmọ̀ olóko, pé èyí tí olóko kò bá mọ̀, igbó ni. Nítorí náà, ẹ̀kọ àti epo la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìkòkò ọbẹ̀ náà wà lórí ààrò títí ó fi kan. Kò sí ẹni tó bínú, kò sí ẹni tó bú u. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti jẹ́ òun ló dáná, olúkúlùkù a ní òun ti jẹun níbòmíràn. Ìyá Kékeré nìkan ló ń jẹ wọ̀rọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ ní ẹ̀yìn ilé ìdáná, ní ìdúró.

Ìgbà tí mo ti dé ibi yìí nínú ìrántí mi ni Àbẹ̀ní bi mí ní ìbéèrè náà. Ìgbà tí ewé ń rẹ̀ ni, ó wá bá mi fi ìkòkò kó ìtàkùn náà wọlé kí òtútù tó dé. Mo ti dárúkọ rẹ̀ fún un, ó sì ti pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn tata ibí wà lórí ilẹ̀ lẹ́bàá fẹ́ǹsì, àwọn ńlá aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n dúró sójú kan. Mo rí wọn, n kò kà wọ́n sí. Àbẹ̀ní ní ara ẹ̀ka tí ìyá òun gbìn lẹ́yìn tí ó padà sí Èkìtì ni èyí ti wá, pé ẹnìkan ló bá òun mú u wá láti ilé, òun sì ti ń tọ́jú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti ìgbà náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin nìkan lẹ kù tẹ́ ẹ wà níbẹ̀. Kí ló lé màmá mi kúrò nílé yẹn?" Mo ní ọ̀rọ̀ orogún ni, pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kì í tán. Mo ní kí a ṣe kíá, òtútù ń bọ̀. Ó wò mí, ó sì gbé ìkòkò. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n wọ́n tọ́ mi dàgbà pé ènìyàn kì í tú aṣọ ilé rẹ̀ sí gbangba, mo sì mọ ẹni tí aṣọ náà yóò tú sílẹ̀ lára rẹ̀ bí mo bá sọ̀rọ̀. Ìyá tó bí mi ni.

Ní Ọ̀yọ́, ọyẹ́ ọdún náà dé bí ó ti máa ń dé, ètè ń là, ewé ń gbẹ. Ebè Ìyá Kékeré nìkan ló ṣì tutù, nítorí pé kò dẹ́kun omi bíbu. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a gbọ́ ohùn ìyá mi láti inú ọgbà. A sáré lọ. Ní ìdí ìtàkùn wọ̀rọ̀wọ́ náà, ilẹ̀ ń rìn. Àwọn ọmọ tata dúdú tíntìntín ni, wọ́n ń yọ jáde láti inú erùpẹ̀ gan-an, wọ́n ń gun ara wọn, wọ́n ń gun ọ̀pá. Gbogbo wa dúró. Ìyá Kékeré fúnra rẹ̀ dúró, omi lọ́wọ́. Ìyá mi nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ní ohùn jẹ́ẹ́: "Erùpẹ̀ Èkìtì ló bí wọn." Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kò sí ẹni nínú agboolé tí kò gbà á. Ṣebí ọyẹ́ ló wà níta? Ṣebí gbogbo kòkòrò ti kú? Ibo ni ìwọ̀nyí ti wá, bí kì í bá ṣe nínú erùpẹ̀ tí ó fi ewé kókò wé wá? Àwọn ọmọ tata náà dàgbà, wọ́n jẹ ebè gbogbo obìnrin ilé tán, wọ́n jẹ gbágùúdá títí dé ọ̀pá. Ọbẹ̀ ọ̀rúnlá la jẹ títí ó fi sú wa. Bí Ìyá Àgbà bá ti ń jẹ ẹ́, yóò gbé ojú sí ibi tí Ìyá Kékeré jókòó sí, yóò ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

Ìyá mi fa ìtàkùn náà tu, ó sun ún lórí ààtàn. Nígbà tó yá, wọ́n pe ìpàdé sí pálọ̀ bàbá mi. Wọ́n ní kí àwa ọmọdé jáde, ṣùgbọ́n fèrèsé ṣí sílẹ̀, mo sì ń gbá ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà kò lo ọ̀rọ̀ líle kankan. Ó ní kí Ìyàwó lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìtumọ̀ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Ìyá Kékeré kò wo Ìyá Àgbà, kò wo ìyá mi. Bàbá mi ló ń wò. Bàbá mi, akọ̀wé kóòtù, tí ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn sílẹ̀ lójoojúmọ́, wo fìlà rẹ̀ tó wà lórí orúnkún. Ó mú fìlà náà, ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Mo gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́. Ìyá Kékeré kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, ó gbé abọ́ tánńganran rẹ̀, òfìfo, ó sì bá ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí ibùdókọ̀. Bóyá àwọn àgbà mọ̀ pé ó lóyún, n kò lè sọ. Àwa ọmọdé kò mọ̀.

Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún yìí, mo gbé wọ̀rọ̀wọ́ padà jáde sẹ́bàá fẹ́ǹsì. Mo bẹ̀rẹ̀ láti tú ilẹ̀, ilẹ̀ náà sì ń rìn. Àwọn ọmọ tata ni, wọ́n kéré ju ọkà bàbà lọ, wọ́n ń yọ jáde láti ojú ibi tí àwọn aláwọ̀ ìyeyè yẹn ti dúró sójú kan ní ìgbà tí ewé ń rẹ̀. Yìnyín ti wà lórí ilẹ̀ yìí. Adágún ti dì. Wọ́n sùn lábẹ́ gbogbo rẹ̀ nínú ẹyin, wọ́n sì jí. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo sì tún rí abẹ́ igi ọsàn, mo rí àwọn tata tí wọ́n ti ìdí bọ ilẹ̀, tí àwa ń fi igi gbọ́n, mo sì rántí pé ìyàwó kankan kò tíì dé láti Èkìtì nígbà náà. Wọ́n ti yé ẹyin wọn sílẹ̀ kí ó tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Inú ilẹ̀ wa ni wọ́n wà, lábẹ́ igi wa, ọmọ tata tiwa ni wọ́n. Igun tí a kò fẹ́ ni a fún un, ohun tí a ti sin síbẹ̀ ni ó sì ń bomi rin. Òwe Ìyá Àgbà kò ṣìnà. Àwa ni ẹ̀fọ́ náà.

Mo pe Àbẹ̀ní lórí fóònù, ó wá ní ọjọ́ Sátidé, ọmọ rẹ̀ obìnrin Ṣadé ló gbé e wá, ó sì ní òun ń lọ ra nǹkan kí òun tó padà wá mú un. Mo fi àwọn ọmọ tata náà han Àbẹ̀ní. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ ọ́ síhìn-ín, láti orí ọbẹ̀ tí wọn kò jẹ títí dé orí ìpàdé pálọ̀. N kò fi orúkọ ìyá mi pamọ́. Mo ní, "Ìyá mi ló sọ ọ́, Àbẹ̀ní. Ìyá rẹ kò ṣẹ̀ wọ́n. Ilé wa ló ṣẹ̀ ẹ́." Ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti gbé jáde lẹ́nu mi ju bí mo ti rò lọ. Ó jókòó lórí ike ọ̀dà, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kò ní adùn.

"Tata," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí tata."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un. Ó ní ìyá òun kò dárúkọ kòkòrò kankan, pé ohun tí ó ń sọ títí ó fi kú ni pé àwọn ará ilé dìtẹ̀ mọ́ òun, ṣùgbọ́n bàbá wa dìde láàárín wọn, ó ju fìlà mọ́lẹ̀, ó ní bí ìyàwó òun bá ń lọ, òun náà ń lọ. Pé ìyá òun fúnra rẹ̀ ló bẹ bàbá wa kí ó dúró ti Ìyá Àgbà. Àbẹ̀ní gbójú sókè wò mí. "Ẹ ò sọ ibẹ̀ yẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Àwọn olùkọ́ tó kọ́ mi fi pàṣán kọ́ mi láti má purọ́, èmi náà sì kọ́ àwọn ọmọ mi bẹ́ẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Ojú bàbá wa ni, ó kàn jẹ́ pé tirẹ̀ kò sá. Mo ní, "Rárá. Kò sọ̀rọ̀. Ó wọ yàrá, ó sì ti ìlẹ̀kùn."

Kò sunkún. Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka ṣà àwọn ọmọ tata lára ewé, ó ń jù wọ́n sínú garawa omi ọṣẹ tí mo gbé kalẹ̀. Ó ní, "Mo ti ń fura. Ẹni tó bá jà fún èèyàn á wá a dé ibi tó lọ. Bàbá wa ò wá rí." Ó tún ṣà díẹ̀ sí i. "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀ ju èyí tí màmá mi sọ lọ. Bí wọ́n bá bi yín, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ wí."

Mo fẹ́ sọ fún un pé n kò lè ṣe é. Mo ti la ẹnu nígbà tí Ṣadé gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dì mọ́ mi, ó kí mi ní Bígí Mọ́mì, ó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè ohun tí àwa méjèèjì ń sọ tí ojú wa fi rí báyìí. Àbẹ̀ní kò gbé orí sókè nínú garawa. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Mo fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ nílé ìwé dá Ṣadé lóhùn. Mo sọ fún un pé bàbá wa ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, pé ó dìde níwájú gbogbo agboolé nítorí ìyá-ìyá rẹ̀, pé mo wà lábẹ́ fèrèsé, mo sì gbọ́ ọ. Ṣadé ní òun mọ̀ ọ́n, pé ìtàn náà ló mú kí òun fi orúkọ bàbá wa sọ ọmọkùnrin òun. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kí ó má baà sọnù, èmi tí mo wà níbẹ̀. Mo ṣèlérí fún un pé n óò kọ ọ́.

Mo ti kọ ọ́ nísinsìnyí, bí ó ti rí gan-an, ní èdè tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè kà á.